Kí Áàpù Àṣírí àti Tókìn Rẹ̀ Tó Jáde

Ní ọdún 2024, ó ṣòro kí ènìyàn wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan kó má rí ẹni tó ń fi ìka gbá ojú fóònù léraléra bí ẹni tó ń pa èèrà. Notcoin ni àwọn kan ń tẹ̀, Hamster Kombat ni àwọn mìíràn ń tẹ̀, inú Telegram sì ni eré méjèèjì wà. Tókìn Notcoin bọ́ sójà ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ti Hamster Kombat tẹ̀lé e ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn kan rí owó tó nítumọ̀ lára ti àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, ọ̀pọ̀ ló pariwo pé ohun tí àwọn rí gbà kò tó owó dátà tí àwọn ná lé e lórí.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń lọ láàárín wa: kí ni áàpù tí a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ń fi owó tirẹ̀ ṣe? Àwọn kan lára àwọn tí a jọ wà nílé-ẹ̀kọ́ ti wà nídìí irú iṣẹ́ yìí báyìí. Wọ́n ń kọ áàpù tó ń ṣe ìlérí àṣírí, wọ́n sì fẹ́ fi tókìn tì í lẹ́yìn. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ni wọ́n ń pè pé kí wọ́n wá fowó sí i. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rà tàbí kó má rà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ tó jáde, kí ẹni tó ń kọ ọ́ àti ẹni tí wọ́n ń pè lè mọ ibi tí wọn yóò wò. Iṣẹ́ náà le, nítorí ohun méjì tí ìwà wọn kò bára mu ni wọ́n fẹ́ so pọ̀: ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí, àti owó tí gbogbo ayé ń rí.

Àrokò àti ẹni tó ń gbé e

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwa tí a ti kẹ́kọ̀ọ́ lórí àrokò mọ̀ pé bí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni: ọkàn òun fà sí i. Bí onítọ̀hún bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹni tí a rán lè má mọ ìtumọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e dé, ó jíṣẹ́, ó padà. Bí ọ̀tá bá dá a lọ́nà, owó ẹyọ lásán ni wọn yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí áàpù àṣírí ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ìṣirò ló fi ń ṣe tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọ̀rọ̀ àti èyí tó ń ṣí i kò sí níbòmíràn ju inú fóònù àwọn méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, dà bí ìránṣẹ́ tó gbé àrokò: ó ń gbé ohun tí kò lè kà. Signal ló gbajúmọ̀ jù nídìí ọgbọ́n yìí, ọgbọ́n tirẹ̀ náà sì ni WhatsApp ń lò fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ láti ọdún 2016. Telegram kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní áàpù àṣírí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́ wà lórí sáfà ilé-iṣẹ́ náà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Àyàfi bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní Secret Chat ni ọ̀rọ̀ yóò fi mọ sáàárín ẹ̀yin méjì. Ti gúrúùpù kò sí irú rẹ̀ rárá. Ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹ bá ń bú olùkọ́ nínú gúrúùpù kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí kò mọ ìtumọ̀ àrokò ṣì mọ ilé tó ti gbà á, ó mọ ilé tó gbé e lọ, ó mọ̀ pé òru ni, ó sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun rin ìrìn náà ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá mú un tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ohun tí yóò sọ tó láti tú àṣírí ẹni tó rán an. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níwájú àwọn tó ń kọ áàpù ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí sáfà wọn yóò mọ̀ nípa oníbàárà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà fóònù, orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀, àkókò tó wọlé, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó gbà wọlé. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun kékeré. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí a so SIM mọ́ NIN, ẹni tó bá ní àṣẹ láti wo ìwé ìjọba, tó sì mọ nọ́ńbà rẹ, ti mọ ojú rẹ àti ọjọ́ ìbí rẹ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan ní Virginia fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ni Signal pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oníbàárà kan jáde. Ohun méjì péré ni wọ́n rí kó fún wọn: àkókò tó forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ṣagídí sí ìjọba. Wọn kò ní nǹkan mìíràn nílé ni. Ẹ fi wé Telegram. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n mú Pavel Durov tó dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò máa fún àwọn agbófinró ní nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì arúfin bí wọ́n bá mú ìwé tó bófin mu wá. Wọ́n ní i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fún wọn.

Session, tó jáde ní ọdún 2020, gba ọ̀nà tó tún le ju ti Signal lọ. Kò béèrè nọ́ńbà fóònù rárá. Àmì gígùn kan ló ń fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba ọwọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kọjá, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ ẹni tó ránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí pa pọ̀.

Ta ni yóò san owó sáfà?

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni sáfà ń jẹ, owó ló sì ń rà wọ́n. Áàpù tí kò mọ nǹkan kan nípa oníbàárà rẹ̀ kò lè polówó ọjà fún un bí Facebook ṣe ń ṣe, nítorí ìmọ̀ nípa ènìyàn ni irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Signal yan ọ̀nà ìtọrẹ. Àjọ tí kì í ṣe ti èrè ni. Mílíọ̀nù 50 dọ́là tí Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2018 ni wọ́n fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń dáwó sí i. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní Brian Acton tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ ọ̀nà tókìn.

Tókìn ni àmì tó níye lórí tí kóòdù dá, tí iye tó wà lọ́wọ́ oníkálukú sì wà ní kíkọ sínú blockchain. Blockchain náà kò ju ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá pa ìlà inú rẹ̀ rẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ẹni tó bá ní áàpù òun fẹ́ gbé tókìn jáde: bí a bá yọ tókìn náà kúrò lónìí, kí ni yóò dẹ́kun iṣẹ́? Ti Session ní ìdáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri gbọ́dọ̀ fi iye tókìn kan dógò. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, olówó rẹ̀ ń gba èrè. Bó bá ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á yọ ọ́. Ìdógò yìí kì í ṣe fàájì. Bí kò bá sí i, ẹni tó fẹ́ ṣọ́ àwọn ènìyàn lè to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, kí ó sì máa wo ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀. Tókìn ló sọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ di ohun olówó ńlá. Oxen ni wọ́n ń pe tókìn náà tẹ́lẹ̀, ó di SESH ní ọdún 2025, lẹ́yìn tí àjọ tó ń bójú tó áàpù náà ti kó láti Ọsirélíà lọ sí Siwitsalandi.

Ẹ ó wá rí àwọn tí ìdáhùn wọn jẹ́ pé tókìn àwọn ni ènìyàn yóò fi ra àwòrán ẹlẹ́fẹ̀ tàbí àwọ̀ tó dára sí orúkọ rẹ̀. Káàdì báńkì lè ṣe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ nínú àpò, owó ní gbangba

Owó ẹyọ kan náà tí àwọn bàbá wa fi ń pàrokò ni wọ́n ń ná lọ́jà. Ẹni tó ná a lónìí kò fi àmì sí i lára, ẹni tó gbà á kò sì lè mọ ibi tó ti wá. Tókìn orí blockchain kò ní ìwà yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń ba ara wọn jẹ́.

Ká ní Àdùkẹ́ ń lo áàpù kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà ní títì gbọingbọin. Áàpù náà fún un ní àpò owó ní ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ó fi tókìn márùn-ún ránṣẹ́ sí Ṣọlá láti san owó fọ́tòkọ́pì. Láti ìgbà yẹn, Ṣọlá mọ àdírẹ́sì àpò Àdùkẹ́. Bó bá tẹ àdírẹ́sì náà sí ojú-ìwé tí wọ́n fi ń wo blockchain, yóò rí iye tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rí gbogbo ẹni tó ti sanwó fún un, yóò sì rí pé ó ń fi iye kan náà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan ní gbogbo ìparí oṣù. Bí àdírẹ́sì yẹn bá jẹ́ ti dókítà kan, tàbí ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan, tàbí ti ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀, kí ni àǹfààní títì tí wọ́n ti ọ̀rọ̀ rẹ̀? Kò sí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Owó ló sọ̀rọ̀.

Àwọn owó kan wà tí wọ́n dá láti wo àìsàn yìí: Monero, Zcash, àti MobileCoin, tí ìwé àkọsílẹ̀ wọn lè bo ẹni tó san, ẹni tó gbà, àti iye. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Signal kéde pé òun ń dán MobileCoin wò nínú áàpù náà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo sọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú béèrè ìdí tí áàpù tí gbogbo ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé fún ọ̀rọ̀ fi ń so ara rẹ̀ mọ́ owó kan, pàápàá nígbà tí Moxie Marlinspike, olórí Signal nígbà náà, ti jẹ́ olùdámọ̀ràn fún MobileCoin rí. Ẹ̀rù mìíràn tó bà wọ́n ni pé ìjọba tí kò rí ẹ̀sùn kà sí áàpù ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ yóò rí i kà sí áàpù tó ń gbé owó ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán: ní oṣù Kejì ọdún 2024, Binance yọ Monero kúrò lórí àtẹ rẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì ló ní ẹ̀gún. Owó gbangba yóò tú àṣírí oníbàárà, owó ìkọ̀kọ̀ yóò fa òfin sílé. Èrò tèmi ni pé kí áàpù má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní àpò owó tí kò béèrè. Ẹni tó bá béèrè, kí àpò rẹ̀ má ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àmì tó fi ń sọ̀rọ̀, kí áàpù sì máa fún un ní àdírẹ́sì tuntun fún gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbowó. Èyí yóò mú kí tókìn náà nira láti lò díẹ̀, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀. Ó yẹ kí a ti pinnu rẹ̀ kí áàpù tó jáde, nítorí ohun tó bá ti wọ blockchain kò ṣe é yọ padà.

Ọ̀kẹ́ mélòó ló wà lójà?

Ìtàn owó ẹyọ tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Èyí tó kéré, tó wá láti erékùṣù Maldives, ló kọ́kọ́ wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù, tí àwọn ará Jámánì wà níwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú tó tóbi wá láti Zanzibar. Ó wọ́n pọ́ọ́kú níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó o dé lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Iye owó ẹyọ já wálẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tó ti jẹ́ ọrọ̀ tẹ́lẹ̀, wá di ẹrù wúwo tí kò ra nǹkan púpọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó jí owó ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní ọ̀nà sí orísun rẹ̀ ló ń kó o wọlé nígbà tó wù wọ́n.

Nítorí náà, kí tókìn tó jáde, ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn lè kà ni iye rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó wà, àti ọjọ́ tí oníkálukú lè tà. Ẹ wo ìṣirò yìí tí mo gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Wọ́n dá bílíọ̀nù kan tókìn. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn mílíọ̀nù 50. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ ní sẹ́ńtì mẹ́wàá. Àwọn onípolówó yóò ní iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 100 dọ́là, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójà gan-an kò ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ. Bí ìpín àwọn tó kọ áàpù àti àwọn tó kọ́kọ́ fowó sí i bá ṣí lẹ́yìn ọdún kan, tó sì jẹ́ mílíọ̀nù 200 tókìn, ìlọ́po mẹ́rin ohun tó wà lójà ló wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó rà á ní sẹ́ńtì mẹ́wàá wà níbẹ̀ bí ẹni tó di ọ̀kẹ́ mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ Zanzibar gúnlẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọ̀wọ̀n ara wọn máa ń ṣe ni kí wọ́n ti ìpín tiwọn pa fún ọdún kan, lẹ́yìn náà kí ó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mélòó kan, kó sì jẹ́ pé kóòdù tó wà ní gbangba ló tì í. Bó bá jẹ́ ìlérí ẹnu ni, ìlérí ẹnu náà ni.

Ẹjọ́ Gram

Ẹni tó bá rò pé òfin ni ohun ìkẹyìn tí ènìyàn ń rò nígbà tí kóòdù bá ti jinná, kó gbọ́ ìtàn Telegram. Ṣáájú Notcoin, Telegram fúnra rẹ̀ ti fẹ́ gbé owó jáde. Gram ni wọ́n sọ ọ́. Nikolai Durov, ẹ̀gbọ́n Pavel, ló kọ ìwé àlàyé bí blockchain tí Gram yóò gùn yóò ṣe ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹta ọdún 2018, ẹni 171 àti ilé-iṣẹ́ kó bílíọ̀nù 1.7 dọ́là fún wọn. Gram kankan kò tíì sí nígbà yẹn. Ìlérí ni wọ́n rà. Àwọn tó kọ́kọ́ dé rà á ní nǹkan bíi sẹ́ńtì 38, àwọn tó tẹ̀lé wọn rà á ní dọ́là kan àti sẹ́ńtì 33. Àdéhùn ni pé bí Gram kò bá jáde kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 tó kọjá, Telegram yóò dá owó padà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, nígbà tó ku ogúnjọ́ péré, SEC ti Amẹ́ríkà, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòòwò, gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ẹjọ́ àtijọ́ kan ni wọ́n fi gún un lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1946, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Howey, tó ń ta ìlà oko ọsàn ní Florida fún àwọn tí kò ní gbé ọkọ́ láéláé. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń roko, òun ló ń ká ọsàn, òun ló ń tà á, àwọn tó ra ilẹ̀ kàn ń gba èrè. Ilé-ẹjọ́ ní ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà, ìdókòòwò ni. Bí ènìyàn bá fowó sínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, tó ń retí èrè, tó sì jẹ́ pé làálàá ẹlòmíràn ni èrè náà yóò ti wá, òfin ìdókòòwò ló dè é. Kò sì yàtọ̀ sí pé kí ẹnì kan ta ìlà kòkó mẹ́wàá ní Ondo fún ọ, kó ní kí ìwọ máa gbé Èkó, òun á máa fowó ránṣẹ́.

Telegram ní ìwé tí àwọn bá àwọn olówó náà kọ lè jẹ́ ìdókòòwò, ṣùgbọ́n Gram fúnra rẹ̀ yóò jẹ́ owó lásán bó bá ti jáde. Adájọ́ P. Kevin Castel ní New York kò gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020, ó ní ètò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀: àwọn olówó 171 yẹn kò rà á láti fi ra búrẹ́dì, wọ́n rà á ní ẹ̀dínwó kí wọ́n lè tún un tà fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ní kí wọ́n má ṣe pín Gram. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, Pavel Durov kéde pé àwọn ti jáwọ́. Ní oṣù Kẹfà, Telegram gbà láti dá lé ní bílíọ̀nù 1.2 dọ́là padà fún àwọn tó rà á, kí ó sì san ìtanràn mílíọ̀nù 18.5 dọ́là.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tó ní kóòdù náà kò dára. Ó dára débi pé àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni gbé e nílẹ̀, wọ́n ń bá a lọ, Toncoin sì ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Òun ni Notcoin àti Hamster Kombat gùn. Ohun tó pa Gram ni bí wọ́n ṣe tà á, ẹni tí wọ́n tà á fún, àti pé owó ṣáájú ohun tí owó yóò ṣe. Kik, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti Kánádà, tó ta tókìn Kin ní ọdún 2017 tó rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là, kọ lu òkúta kan náà. Ó pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 2020, ó sì san mílíọ̀nù márùn-ún.

Àwa náà kò sí lẹ́yìn òfin mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì pa àpò àwọn tó ń ṣe káràkátà krípítò dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n tú u sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí Òfin Ìdókòòwò ti ọdún 2025, irú tókìn báyìí ti wà lábẹ́ SEC ti Nàìjíríà. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sì de áàpù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ áàpù ní Yábàá tàbí ní Ìbàdàn tó sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́, kó tètè wá agbẹjọ́rò.

Kí ọjọ́ náà tó pé

Ìyókù iṣẹ́ náà ni ìdánwò. Àwọn tó kọ kóòdù kọ́ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò; ojú mìíràn ni, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta pẹ̀lú àléébù inú rẹ̀. Tókìn máa ń kọ́kọ́ gbé lórí blockchain ìdánwò fún ọ̀pọ̀ oṣù, níbi tí owó inú rẹ̀ kò ti níye, kí àwọn ènìyàn lè gbìyànjú láti jà á lólè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣe é kó. Kóòdù tó ń pín owó lórí blockchain kò yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ẹnì kan rí àlàfo nínú kóòdù The DAO lórí Ethereum, ó fà tó mílíọ̀nù 3.6 ether jáde. Kí wọ́n tó rí i yanjú, Ethereum fúnra rẹ̀ pín sí méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Áàpù tí kò mọ ẹni tí o jẹ́ kò lè bá ọ ṣí ilẹ̀kùn bí fóònù rẹ bá bọ́ sínú omi. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí o bá forúkọ sílẹ̀, yóò to àwọn ọ̀rọ̀ kan síwájú rẹ pé kí o kọ wọ́n sínú ìwé: mẹ́tàlá ni ti Session, ti ọ̀pọ̀ àpò krípítò jẹ́ méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá rí wọn ti di ìwọ. Ẹni tó bá sọ wọ́n nù, ọ̀rọ̀ àti owó rẹ̀ ti lọ. Ibí yìí ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń dúró sí lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Wọ́n á ṣí ojú-ìwé tó jọ ti áàpù náà, wọ́n á ní kí o tẹ ọ̀rọ̀ méjìlá rẹ kí o lè gba airdrop. Áàpù tó múra dáadáa yóò ti ra àwọn orúkọ ojú-ìwé tó jọ tirẹ̀ ṣáájú, yóò sì ti máa sọ ọ́ fún oníbàárà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn pé kò sí ìdí kankan tí òun yóò fi béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í ṣàdédé wá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, BIP39, ní àkójọ 2,048 ọ̀rọ̀, àwọn èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí, Japaníìsì àti Koria sì ní tiwọn. Kò sí ti Yorùbá. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìnlélógún tí kò mọ̀ sínú ìwé láìṣi lẹ́tà kan, wà nínú ewu ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ìdí tó fi ṣòro fún èdè wa kò ṣòro láti rí. Nínú àkójọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti gbogbo ìyókù. Bí ènìyàn bá yọ àmì orí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di ẹyọ kan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn la nílò, tí kò ní í da ara wọn rú láìsí àmì, tí ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́ jọ mọ̀. Iṣẹ́ tí kíláàsì fonọ́lọ́jì wa lè fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ni. Labalábá, alángbá àti agbọ̀nrín ti wà nílẹ̀. Ó ku 2,045.